Helen Allingham àti Àwọn Ilé Koríko Ilẹ̀ Surrey

Ilé kékeré kan wà lẹ́bàá ọ̀nà. Koríko ni a fi bò ó lórí, òrùlé náà sì ti tẹ̀ ní àárín bí ẹ̀yìn ẹṣin tí ó ti darúgbó. Òdòdó gun ògiri rẹ̀ títí dé ẹnu fèrèsé, ológbò kan jókòó lórí òkúta àtẹ̀wọlé, obìnrin kan tí ó so aṣọ funfun mọ́ iwájú gbé ọmọ lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Oòrùn kò mú jù, òjò kò rọ̀, ebi kò sì pa ẹnikẹ́ni. Irú àwòrán báyìí ni Helen Allingham yà lọ́pọ̀lọpọ̀ láti 1881 títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. A ti tẹ irú wọn sára kálẹ́ńdà, sára páálí súìtì àti sínú ìwé tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí fi gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbèríko ibẹ̀ rí ní ayé Ọbabìnrin Victoria, ẹni tí ó jọba láti 1837 títí di 1901. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé rò nìyí: bí a bá ń kọ́ ìtàn, tí a sì gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ bí ẹlẹ́rìí, ǹjẹ́ ẹlẹ́rìí tí a lè gbà gbọ́ ni bí?

Kí a tó wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti rí. Oríṣi ọ̀dà méjì ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù lọ ní ìgbà náà. Èkínní ni ọ̀dà olóróró, tí a ń kùn sára aṣọ tí a nà mọ́ igi. Ó nípọn, ó ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, bí ayàwòrán bá sì ṣe àṣìṣe, ó lè kun òmíràn bò ó mọ́lẹ̀. Èkejì ni ọ̀dà olómi, tí a fi omi lásán pò, tí a sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sórí tákàdá. Èyí fẹ́lẹ́ bí omi aró tí a ti là púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ a máa là á kọjá dé ara tákàdá, a sì tún padà wá bá ojú wa. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé, ní ìlànà àtijọ́, funfun inú àwòrán olómi kì í ṣe ọ̀dà rárá: tákàdá fúnra rẹ̀ ni, níbi tí ayàwòrán kò jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kàn. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ara aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀ yóò tètè mọ ohun tí mo ń wí. Funfun tí a kò bá fi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣòro láti rí i padà.

Ọjọ́ pẹ́ tí a fi ojú ọmọdé wo ọ̀dà olómi. Àwọn tí ń ya àwòrán ilẹ̀ àti ti ilé àwọn ọlọ́lá ni ó ń lò ó. Paul Sandby wà lára wọn, ẹni tí ó bá àwọn ológun ya ilẹ̀ Scotland lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1745. Òun kan náà ni ó sì ya àwọn tí ń kiri ọjà ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, tí ó tẹ̀ wọ́n jáde ní 1760. Ẹgbẹ́ ńlá tí ó ní àṣẹ ọba lórí iṣẹ́ ọnà, tí a ń pè ní Royal Academy, kì í fi ẹni tí ó bá ń lo ọ̀dà olómi nìkan ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn oníṣẹ́ náà, nígbà tí ó sì di 1804, àwọn mẹ́wàá nínú wọn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí náà gba àṣẹ láti fi orúkọ ọba kún orúkọ rẹ̀ ní 1881.

Àwọn oníṣòwò ọ̀dà pẹ̀lú ní ọwọ́ tí ó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, a kì í sì sábà dárúkọ wọn. Láyé àtijọ́, ayàwòrán tàbí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò lọ ọ̀dà lórí òkúta kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní nǹkan bí 1780, William àti Thomas Reeves, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ń ta ọ̀dà tí a ṣù bí ọṣẹ kékeré, tí a kàn ń fi búrọ́ọ̀ṣì tútù rà lórí. Ní 1832, William Winsor àti Henry Newton ṣí ilé ìtajà ọ̀dà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1835 wọ́n mú ọ̀dà rírọ̀ jáde nínú àwo kéékèèké. Ní 1846 wọ́n rọ irú rẹ̀ sínú ọ̀pá òjé tí a ń fún lẹ́nu. Wàyí o, ayàwòrán lè ki gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ bọ àpò, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní òwúrọ̀, kí ó sì jókòó síwájú ilé àgbẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn oníṣòwò kan náà ni ó mú ọ̀dà funfun kan jáde ní 1834 tí a ń pè ní funfun Ṣáínà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sínkì ni a fi ń ṣe é. Pẹ̀lú funfun yìí, òfin àtijọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹ̀.

Ẹni tí ó fi í dárà jù ni William Henry Hunt, tí a bí ní 1790, tí ó sì kú ní 1864. Ọmọ ẹni tí ń fi páànù rọ nǹkan ni, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dára láti kékeré, nítorí náà ohun tí ó wà nítòsí ni ó ń yà: èso, ìtẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú ẹyin nínú rẹ̀, ọmọ ará oko tí ó jókòó ti oúnjẹ. Yóò kọ́kọ́ fi funfun náà lẹ́ ojú tákàdá, yóò jẹ́ kí ó gbẹ kí ó sì le, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ṣónṣó búrọ́ọ̀ṣì to àwọ̀ lé e lórí ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, títí ara èso yóò fi dàbí ẹni pé a lè nawọ́ mú un. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní Hunt Onítẹ̀ẹ́-ẹyẹ. Myles Birket Foster kọ́ ọgbọ́n kan náà. Ọmọ North Shields ni, a bí i ní 1825. Lọ́dọ̀ ẹni tí ń gbẹ́ àwòrán sára igi fún àwọn atẹ̀wé ni ó ti kọ́ṣẹ́, ó sì ti lókìkí nínú yíya àwòrán inú ìwé kí ó tó yí padà sí ọ̀dà olómi ní nǹkan bí 1859. Ó kọ́ ilé sí Witley ní Surrey, ó sì ń ya àwọn ọmọdé lórí àtẹ̀gùn ọgbà, àwọn olùfún-wàrà, àwọn àgùntàn lábẹ́ igi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ inú àwòrán Foster kì í dọ̀tí, n kò sì tíì rí ọmọ oko bẹ́ẹ̀ rí. Frederick Walker ni èmi fẹ́ràn jù nínú wọn, nítorí pé ó mọ bí ènìyàn ti ń rí nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Àwòrán rẹ̀ ti 1872 nípa ọgbà ilé àwọn arúgbó aláìní, níbi tí ìyá àgbà kan ti fara ti ọmọbìnrin tí ọ̀dọ́kùnrin kan sì ń gé koríko níwájú wọn, kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ikọ́ fée pa á ní 1875, ẹni ọdún 35.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Helen. A bí i ní ọjọ́ 26 oṣù September, 1848, ní Swadlincote ní Derbyshire, Paterson sì ni orúkọ bàbá rẹ̀, oníṣègùn. Ní 1862, nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún 14, àrùn ọ̀fun búburú tí a ń pè ní dìfitéríà bẹ́ sílẹ̀ ní Altrincham tí wọ́n ń gbé. Bàbá yìí ń wo àwọn aláìsàn títí òun náà fi kó o, ó sì kú. Àbúrò Helen, ọmọbìnrin tí a ń pè ní Isabel, kú pẹ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àrùn náà, nítorí n óò tún dárúkọ rẹ̀. Opó náà kó àwọn ọmọ tí ó kù lọ sí Birmingham, sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀, níbẹ̀ ni Helen sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwòrán yíyà ní ilé-ẹ̀kọ́.

Nínú ìdílé ìyá rẹ̀ ni obìnrin kan ti wà tí ó ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un, Laura Herford. Ní 1860, Laura fi àwòrán ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ Royal Academy, níbi tí a kò tíì gba obìnrin kan sí rí, kò sì kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ ní kíkún. Àwọn alàgbà náà rò pé ọkùnrin ni, wọ́n sì gbà á. Nígbà tí obìnrin yọ sí wọn, wọ́n wo ìwé òfin, wọn kò rí ibi tí a ti kọ ọ́ pé kí obìnrin má wọlé. Òfin kò gbèrò rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wọlé, tí Helen náà sì fi lè wọlé ní 1867.

Kò fi iṣẹ́ ọnà ṣe eré ìdárayá gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin olówó ti ń ṣe. Owó ni ó ń wá. Nígbà tí ìwé ìròyìn alàwòrán tí a ń pè ní The Graphic bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1869, ó wà lára àwọn ayàwòrán rẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin. Ní 1874, òun ni ó ya àwọn àwòrán tí ó bá ìtàn Thomas Hardy nípa àwọn darandaran jáde lóṣooṣù nínú ìwé Cornhill. Ní ọdún kan náà ni ó fẹ́ William Allingham, akéwì ará Ireland, ẹni tí ó ti pé 50 nígbà tí òun kò tíì pé 26. Ó fi The Graphic sílẹ̀, ó sì dojú kọ ọ̀dà olómi. Ní 1875 ẹgbẹ́ àwọn olódà olómi gbà á wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún, nítorí a kì í fi obìnrin sí ipò náà. Ó dúró síbẹ̀ fún ọdún 15. Ní 1883, John Ruskin, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gbé ayàwòrán ga tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kókó ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan ní Oxford.

Ní 1881 ni tọkọtaya náà fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ lọ gbé ní Sandhills lẹ́bàá Witley, wọ́n sì bá Foster ládùúgbò. Ibẹ̀ ni Helen ti rí iṣẹ́ ayé rẹ̀. Àwọn ilé àgbẹ̀ àtijọ́ wà káàkiri, òmíràn ti lé ní 200 ọdún. Igi óákù ni egungun wọn, bíríkì tàbí amọ̀ ni a fi dí àárín igi náà. Lórí ògiri òkè ni a fi amọ̀ pẹlẹbẹ sísun kọ́ ní ìpele-ìpele bí ìpẹ́ ẹja, kí òjò má baà wọlé. Fèrèsé wọn jẹ́ dígí wẹ́wẹ́ tí a fi òjé so pọ̀. Kì í ṣe ìwé ni ó ti kó wọn. Ó ń gbé àga rẹ̀ lọ jókòó níta níwájú ilé náà gan-an, ó ń wò, ó ń yà, bí ọ̀dà bá sì pọ̀ jù níbì kan, a fi kànìnkànìn tútù gbà á kúrò, tàbí kí ó fi ẹnu ọ̀bẹ ha ojú tákàdá títí funfun yóò fi yọ: etí ewé nìyẹn, tàbí ìyẹ́ adìyẹ nínú oòrùn.

Ṣùgbọ́n eré ìje ni ó ń bá àwọn onílé sá. Àwọn olówó tí ó ni ilé wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ sí tún wọn ṣe: wọ́n ń yọ dígí olójé, wọ́n ń fi dígí ńlá kan ṣoṣo sí i, wọ́n ń ká koríko kúrò, wọ́n ń fi sílétì sí i, òmíràn ni wọ́n ń wó lulẹ̀ pátápátá. Nígbà tí Helen pàtẹ àwòrán àwọn ilé Surrey ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886, ọkọ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé ìpàtẹ náà, ó sì ṣàlàyé pé láàárín oṣù díẹ̀ tí a ti ya àwọn àwòrán náà, a ti tún púpọ̀ nínú àwọn ilé inú wọn ṣe kọjá mímọ̀, a sì ti pa àwọn kan rẹ́. Nígbà tí Helen bá bá ilé tí a ti ba fèrèsé rẹ̀ jẹ́, kì í ya fèrèsé titun náà. A máa wá ilé mìíràn tí ọwọ́ kò tíì kàn, a sì mú fèrèsé ti èyí wá sára ògiri tọ̀hún.

Níbí ni ìbéèrè mi ti bẹ̀rẹ̀ sí le. Ẹni tí ó dá fèrèsé padà sípò, a lè sọ pé ìtàn ni ó ń dáàbò bò. A sì tún lè sọ pé ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ó yà. Kí ni ó sì mú àwọn onílé máa tún ilé ṣe? Ní 1864, ìjọba ní kí Dókítà Hunter lọ wo ilé àwọn alágbàṣe oko. Nínú ilé 5,375 tí a kà, 2,195 ní yàrá ìsùn kan ṣoṣo, 2,930 ní méjì, 250 péré ni ó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá, ìyá, àgbà ọmọ àti ọmọ ọwọ́ ń sùn pọ̀ lábẹ́ koríko kan. Ilẹ̀ ilé tutù, kànga kò sì sábà jìnnà sí ilé ìyàgbẹ́. Ibà àti dìfitéríà, àrùn tí ó pa bàbá Helen, kì í pẹ́ mọ ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀. Owó iṣẹ́ ní gúúsù kì í sábà kọjá ṣílè 10 sí 15 lọ́sẹ̀. Ọ̀gá oko ni ó sì ni ilé náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni òrùlé ń bọ́. Ní 1872, Joseph Arch, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọgbà gígé, tí ó sì jẹ́ oníwàásù, kó àwọn alágbàṣe Warwickshire jọ lábẹ́ igi kan ní Wellesbourne, wọ́n sì béèrè ṣílè 16. Lẹ́yìn náà ni òjò 1879 ba ìkórè jẹ́, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó àlìkámà olówó pọ́ọ́kú wọlé láti Amẹ́ríkà: òṣùwọ̀n àlìkámà tí a ń tà ní ohun tí ó lé ní ṣílè 56 ní 1877 kò tó ṣílè 23 mọ́ ní 1894. Àwọn ọ̀dọ́ kó ẹrù, wọ́n lọ sí ìlú ńlá tàbí sókè òkun. Láti 1851 ni àwọn ará ìlú ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ ju àwọn ará oko lọ ní ilẹ̀ náà.

Ẹ wá tún wo àwọn àwòrán náà pẹ̀lú ìmọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ńlá wà nínú ohun tí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin ṣọ̀wọ́n púpọ̀ nínú wọn. Obìnrin, ọmọdé, adìyẹ àti ológbò ni. Níbo ni bàbá wà? Ó wà ní oko láti àfẹ̀mọ́júmọ́, tàbí ó ti bá ọkọ̀ lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò sì ti kíyè sí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n tó ilé-ìwé í lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ní ọ̀sán gangan, bẹ́ẹ̀ láti 1880 ni òfin ti pa á láṣẹ pé kí ọmọ ọdún 5 sí 10 lọ sí ilé-ìwé. Bóyá ọjọ́ ìsinmi ni. Aṣọ tí a sá sórí okùn funfun báláú, ṣùgbọ́n a kò rí ẹ̀yìn obìnrin tí ó tẹ̀ wá sílẹ̀ pọn omi rẹ̀ láti kànga.

Síbẹ̀, n kò lè pè é ní òpùrọ́. Ẹni tí ó bá pa irọ́ kì í jókòó nínú òtútù láti ka iye amọ̀ pẹlẹbẹ tí ó wà lára ògiri. Bí igi ti so mọ́ igi, bí òrùlé ti ṣe yí orí fèrèsé ká, irú òdòdó tí obìnrin oko gbìn, bí ó ti ṣe wé aṣọ mọ́rí: gbogbo èyí ni ó rí, ó sì yà á bí ó ti rí i, àti pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí mọ́. Dókítà Hunter ka yàrá, kò ka òdòdó. Helen ya òdòdó, kò wọ yàrá. Bí mo bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì ni n óò pè síwájú, n óò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ibi tí ó dúró sí nígbà tí ó ń wò. Mo sì máa ń rò ó pé ọmọ tí àrùn gba bàbá àti àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó wà ní kékeré kò ṣe aláìmọ̀ ohun tí ó lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìrò tèmi ṣe ẹ̀rí.

A gbọ́dọ̀ rántí àwọn tí ń ra iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ará ìlú ni wọ́n, wọ́n ń gbé nínú èéfín èédú. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ẹni tí ó ti oko wá. Ọ̀nà irin tí a ṣí gba Godalming àti Witley lọ sí Portsmouth ní 1859 ni ó gbé ayàwòrán dé ibẹ̀, ọ̀nà kan náà ni ó gbé sílétì àti àwọn olówó tí ń wá ilé ìsinmi dé. Ohun tí ó ń ba ilé náà jẹ́ ni ó gbé ẹni tí yóò yà á wá.

Ní 1888 wọ́n padà lọ sí Hampstead ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ara William tí kò le. Ó kú ní 1889, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Owó ìwé ewì kò tó bọ́ ìdílé. Láti ìgbà náà lọ, búrọ́ọ̀ṣì Helen ni ó ń bọ́ wọn. Ní 1890, ẹgbẹ́ àwọn olódà olómi fi í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Ní 1903 ni ìwé Happy England jáde, tí Marcus Huish kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ rẹ̀ tí ó lé ní 70. Ìwé yìí ni ó gbé àwọn ilé Surrey dé ibi tí ẹni tí ó ni àwòrán gan-an kò lè gbé e dé. Ní 1907, ó ṣètò ìwé ìrántí ojoojúmọ́ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ń ya àwòrán títí ó fi kú ní Haslemere, ní ìgbèríko Surrey kan náà, ní ọjọ́ 28 oṣù September, 1926, ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí ó pé ọdún 78.

Díẹ̀ nínú àwọn ilé náà dúró síbẹ̀ títí di òní. Alágbàṣe oko kò lè ra ọ̀kan nínú wọn mọ́. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń gbé inú wọn. Wọ́n ti fi òjé so dígí wẹ́wẹ́ padà sójú fèrèsé, òdòdó gun ògiri, òrùlé ti gún régé, omi sì ń yọ nínú ilé.